Ògiri Tó Ń Làágùn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ògiri náà wó lé ẹnikẹ́ni lórí. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Mo dúpẹ́ fún bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Mo dúpẹ́ fún àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣì wà láàyè lónìí, tí èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo dúpẹ́ fún bàbá arúgbó tí Olúwa lò láti lé wa kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a bínú sí i nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kọ kò dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka àánú Ọlọ́run kò gbọdọ̀ fo èyí tó korò.

Pàá! Bàbá arúgbó náà bu amọ̀ kún ọwọ́, ó jù ú mọ́ ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sókè. Pàá! Ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún sì ti kú tipẹ́. Òórùn amọ̀ náà kún gbogbo ọgbà ìjọ: ìgbẹ́ màlúù, koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, àti omi dúdú tí wọ́n ti rẹ èèpo èso igi irú sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Màkúbà ni àwọn ará abúlé ń pe omi náà. Òun ni kì í jẹ́ kí òjò tètè jẹ ògiri. Àárọ̀ Sátidé ni, ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ètè gbogbo wa ti funfun. Mo dúró tì í, amọ̀ wà lọ́wọ́ mi, mò ń fi í lẹ ògiri díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìpara kun ọmọ ọwọ́.

“Ìyá mi,” ó pè mí, bó ṣe máa ń pe gbogbo ọmọbìnrin kéékèèké, “o ń rẹ́ ẹ ni àbí o ń bẹ̀ ẹ́? Jù ú! Ògiri kì í ṣe ìyàwó tuntun.”

Mo jù ú. Ó já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀.

“Kai!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Omi ti pọ̀ jù nínú tìrẹ. Lọ fi koríko kún un, kí o tún fi ẹsẹ̀ pò ó.”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà.

Abúlé náà wà lẹ́yìn Galadimawa, níbi tí ọ̀dà títì ti parí tí ọ̀nà pupa ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi. Wọ́n gbé e láti Èkó wá sí Abuja ní bí ọdún kan lẹ́yìn 2010, ilé tí a sì rí gbé nìyẹn, yàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí a lò níbẹ̀, òjò rọ̀, kò sí ọkọ̀ kankan tó fẹ́ gbé wa lọ sí ìgboro. Ìyá mi gbọ́ orin láti òdìkejì odò kékeré kan. Ó ní, “Níbi tí wọ́n bá ti ń yin Jésù, a kì í ṣe àlejò níbẹ̀.” A ká ṣòkòtò àti yẹ̀rì sókè, a la omi kọjá. Láti ọjọ́ náà, a kò wá ìjọ mìíràn mọ́.

Ilé ìjọ náà kò tóbi. Ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà lè rò pé abà tí wọ́n ń kó ọkà sí ni. Amọ̀ ni gbogbo ògiri rẹ̀, ó sì nípọn débi pé mo lè ká ẹsẹ̀ kò, kí n jókòó sínú fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má rí mi láti ìta. Fèrèsé mẹ́ta wà ní apá ọ̀tún, mẹ́ta wà ní apá òsì, wọ́n kéré, wọ́n sì ga, kí oòrùn má baà rọ́nà wọlé. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, àwọn ọkùnrin ń gba ọ̀kan, àwọn obìnrin ń gba èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ṣe ń jókòó. Bí oòrùn bá mú bí iná lóde, inú ibẹ̀ á tutù bí ẹnu kànga. Kò sí ère níbẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí àbẹ́là. Wọ́n fi amọ̀ mọ àga ìwàásù pọ̀ mọ́ ògiri iwájú, Bíbélì Yorùbá àti ti Hausa sì wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú Májẹ̀mú Tuntun ti Gbagyi tí èèpo rẹ̀ ti ya. Pásítọ̀ á wàásù ní Hausa, àwọn onílé á kọrin ní Gbagyi, Bàbá á sì gbàdúrà ìparí ní Yorùbá, nítorí ó ní Ọlọ́run ti mọ ohùn òun ní èdè yẹn.

Mo ń pè é ní Bàbá nítorí bí gbogbo ìjọ ṣe ń pè é nìyẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Bàbá rẹ̀ ló ń ru aṣọ wá tà ní ilẹ̀ àwọn Gbagyi, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lálàá pé ibẹ̀ yóò di olú-ìlú. Ọkùnrin náà gba ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ olórí abúlé, ó ń kó ìdílé rẹ̀ jọ gbàdúrà láràárọ̀, àwọn aládùúgbò sì ń wá wo ohun tó ń ṣe. Àwọn kan dúró. Nígbà tí wọ́n pọ̀ ju ohun tí àgbàlá rẹ̀ lè gbà, wọ́n ní kí àwọn kọ́ ilé fún Ọlọ́run. Bàbá wa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ó sì bá àwọn ọ̀mọ̀lé Gbagyi ṣiṣẹ́ títí iṣẹ́ náà fi mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ìpele méje ni,” ó máa ń sọ, á sì fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. “A ó mọ ọ̀kan, a ó fi sílẹ̀ kó gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún, ká tó gun orí rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, ti òkè á tẹ ti ìsàlẹ̀ fọ́. Àwọn obìnrin ló pọn omi gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò lé èjìká, o mọ̀ pé Gbagyi kì í ru ẹrù lórí. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Omi náà dà sí mi láyà, ọmọge tí mo fẹ́ fi hàn sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.”

“Ṣé ẹ wá fẹ́ ẹ?”

“Èèyàn á rí i báyìí, kó má fẹ́ ẹ?” Ìyàwó náà ti kú kí a tó dé abúlé náà. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé ìjọ ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tí mi ò tíì rí níbòmíràn ni bí wọ́n ṣe pín ògiri náà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ ló ni ibi kan lára rẹ̀, tó tó ìwọ̀n ibi tí àgbàlagbà bá na apá méjèèjì dé. Nígbà tí òjò bá ti lọ, tí ọkà bá ti wọlé, kí Kérésìmesì tó dé, ìdílé kọ̀ọ̀kan á wá fi amọ̀ tuntun rẹ́ tirẹ̀ nínú àti lóde. Kò sí àmì, kò sí àkọsílẹ̀. Bàbá ló mọ ààlà gbogbo wọn. Ti àwọn tó kú láìní ọmọ, òun ló ń bá wọn rẹ́ ẹ. Nígbà tí a pé ọdún kan, ó mú bàbá mi lọ sí abẹ́ fèrèsé kejì ní apá àwọn obìnrin.

“Ọ̀gá,” ó ní, “tọkọtaya kan ló ni ibí. Wọn ò bímọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn tọ́jú ẹ̀. Lónìí, ó di tiyín.”

Bàbá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi àti ìyá mi ló ń ṣe é. Bàbá mi kì í fẹ́ kí amọ̀ kan ṣòkòtò òun.

Nítorí bí wọ́n ṣe pín in yìí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè rí bí ìjọ ṣe wà lára ògiri rẹ̀. Ibi tí ìyá kan bá ń ṣàìsàn, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ á rẹ́ ẹ gbágungbàgun. Ibi tí ìjà bá wà, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan jà nítorí oko iṣu, wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ ní ọdún méjì, òjò sì jẹ ẹ́ wọnú bí ehín tó kẹ̀. Bàbá pe ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn ìsìn, lójú gbogbo wa. Hausa ni wọ́n ń sọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ewúrẹ́ ló ń jẹ tiyín ni?”

“Ẹ bi àbúrò mi, Bàbá. Òun ló ní kí n má dé ibẹ̀.”

Àbúrò dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. “Kí n tó dúró ti olè rẹ́ ògiri, kí òjò kúkú gbé e lọ!”

“Yauwa, ó dáa,” Bàbá ní. “Òjò ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá gbé tiyín tán, ti opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló kàn. Òun nìyí. Ẹ sọ fún un fúnra yín.”

Opó náà dìde dúró. Ó kàn káwọ́ pọ̀, ó ń wò wọ́n. Ní Sátidé, àwọn méjèèjì gbé ọkọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, àbúrò bẹ̀rẹ̀ láti òsì, wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ títí amọ̀ wọn fi pàdé láàárín.

Ilé ìwé mi wà ní ọ̀nà Apo, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òórùn màkúbà kì í tètè kúrò lábẹ́ èékánná. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi òróǹbó fọ̀ ọ́. Ní Mọ́ńdè kan, ọmọ tó jókòó tì mí fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ òórùn yìí? Ṣé ìgbẹ́ màlúù lẹ fi ń fọ ilẹ̀ nílé yín ni?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà títí sáà fi parí, “Ìyá Màlúù” ni wọ́n ń pè mí. Mi ò sọ fún Bàbá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kó sọ ilé ìjọ wa di ilé tó dán bíi ti àwọn yòókù. Mo gba àdúrà náà tọkàntọkàn, pẹ̀lú ààwẹ̀ ọjọ́ kan.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, a gbọ́ pé àwọn àgbà ìjọ láti ìgboro ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò. Bàbá mi dìde ní ìpàdé.

“Bàbá, ẹ̀yin ti kúrò ní ẹni tó ń fẹsẹ̀ po amọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ lè sinmi.”

“Ẹ ṣé, ọ̀gá. Olúwa á bù sí i fún yín. Ṣùgbọ́n ògiri alámọ̀ máa ń làágùn. Omi ń gùn ún láti ilẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì dí i lójú, níbo ni òógùn náà ó gbà? Inú ni yóò dúró sí, á máa jẹ ẹ́.”

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní, “Bàbá, tó bá ń làágùn, ká kúkú ra fáànù fún un.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Kò tó oṣù kan tí ìròyìn fi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé àbúrò Bàbá obìnrin ti dolóògbé. Ó ní òun á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àárọ̀ tó ń lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó pè mí.

“Ìyá mi, tí o bá rí sìmẹ́ǹtì nínú ọgbà ìjọ, sọ fún ìyá rẹ kó pè mí lórí fóònù. Ọjọ́ náà gan-an. Màá wá, kódà tó bá jẹ́ ẹnu ibojì ni mo wà. Kí ni mo wí?”

Mo tún un sọ. Ó mi orí pé ó dára, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ilé ìwé, mo rí àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tò sábẹ́ igi pẹ̀lú ọ̀rá lórí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ń sọ fún ìyá mi pé àwọn bíríkìlà ń bọ̀ láti Apo lọ́la.

“Ṣé Bàbá mọ̀ sí i?” ìyá mi béèrè.

“Ó máa mọ̀ tó bá dé. Ẹ̀bùn la fi ń ṣe fún un. Àgbà tó ti sìn wá tó báyìí, ṣé orí amọ̀ ló máa kú sí?”

Ìyá mi tún bu ọbẹ̀ sí àwo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀bà. Àdúrà mi ló gbà lójú mi, èmi kọ́ ni n ó sì dí Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n ha amọ̀ ojú ògiri náà kúrò, wọ́n kan wáyà mọ́ ọn, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Wọ́n kun ún ní funfun, wọ́n fa ọ̀dà búlúù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó dán. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ti opó parí tí ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà dé láti ìgboro, wọ́n yà á sí mímọ́, wọ́n yìn wá. Mo mú ọ̀rẹ́ kan láti ilé ìwé wá síbẹ̀.

Bàbá dé ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn náà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ti ojú ọ̀nà wá. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kó wá síwájú. Bàbá mi sọ pé ẹ̀bùn ìjọ nìyí fún iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá ní, “Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín,” ó sì padà lọ jókòó. Mo retí kó sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ ọ́.

Nígbà òjò àkọ́kọ́, àbàwọ́n dúdú kan gun ìsàlẹ̀ ògiri ní apá àwọn obìnrin. Wọ́n tún un kùn. Nígbà òjò kejì, inú ilé ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Bàbá á máa rìn lẹ́bàá ògiri, á fi ìka kàn án, á tẹ́tí sí i. Níbi kan á dún kó-kó. Níbòmíràn á dún bù, bí ìgbà tí èèyàn bá lu tìmùtìmù. Ó lọ bá ìgbìmọ̀ ìjọ, tí bàbá mi wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí, kí omi rí ọ̀nà lọ.

“Bàbá,” bàbá mi ní, “ẹ má bínú. A ò tíì pé ọdún méjì tí a ya ilé yìí sí mímọ́. Ṣé ká wá máa fi òòlù fọ́ ọ?”

Nígbà tó yá, wọ́n bá a níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú òòlù àti irin. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pásítọ̀ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó kù tó lè ṣe ló ṣe. Àwa ọmọdé ló máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà fún ẹ̀kọ́ Bíbélì, ní ọjọ́ Ìsinmi àti ní ọ̀sán Sátidé. Ó wọlé bá wa, ó gbé ọ̀pá sókè.

“Ẹ dìde níbẹ̀! Gbogbo yín! Ẹni tí mo bá tún rí níbí, màá nà án!”

A sá. Àwọn ọmọ kéékèèké ń sunkún. Láti ìgbà náà, bí a bá ti fẹ́ jókòó síbẹ̀, á yọ sí wa, kò sì sẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ rárá. Olùkọ́ wa kó wa lọ sábẹ́ igi níta, tí òjò bá sì ń rọ̀, a ó lọ sílé pásítọ̀. Àwọn èèyàn ń sọ pé àgbà ti dé sí i, pé inú rẹ̀ kò dùn nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ìkìlọ̀ tó ti ṣe fún mi.

Sátidé kan ní oṣù kẹsàn-án ló wó. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé pásítọ̀ ni a wà, à ń há ẹsẹ Bíbélì sórí. Ìró náà kò le. Ó dà bí ìgbà tí ẹranko ńlá kan bá mí kanlẹ̀ tó sì dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbọ́ páànù tó ń ya.

Gbogbo ògiri apá àwọn obìnrin ló lọ, pẹ̀lú ìlàjì òrùlé. Ojú sìmẹ́ǹtì náà wà nílẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, funfun àti búlúù, wáyà rẹ̀ ti dípẹtà. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣàn jáde bí ẹ̀kọ tí kò dì. Bẹ́ǹṣì wa wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi wo bẹ́ǹṣì náà, ó wò mí, ó sì jókòó sínú omi.

Gbogbo abúlé wá. Wọ́n yà sọ́nà nígbà tí Bàbá ń bọ̀ lábẹ́ agbòjò, gbogbo wa sì ń retí ohun tí yóò sọ. Ó tẹ̀ ba, ó bu amọ̀ náà, ó fi ìka rà á, ó gbóòórùn rẹ̀. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣí lọ. Ó wọ ṣòkòtò tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ìjọba. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrẹ̀ náà, ó ní, “Bàbá, ẹ ti sọ fún mi. Ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́.”

Bàbá dúró lé e lórí. Ó wò ó nílẹ̀, mo sì rò pé ìbínú ló wà lójú rẹ̀.

“Dìde, ọ̀gá,” ó ní níkẹyìn. “Ilẹ̀ tutù.”

Ìgbìmọ̀ pinnu pé búlọ́ọ̀kù ni wọn yóò fi kọ́ tuntun, wọ́n sì wó èyí tó kù. Bàbá kò ta ko wọ́n. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí, kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Èmi àti ìyá mi ń gbé ògì lọ fún un lójoojúmọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi jáde lọ fọ abọ́. Mi ò lè gbé e mọ́.

“Bàbá, mo rí sìmẹ́ǹtì yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kó o dé. Mi ò sọ fún Màmá mi. Ojú ló ń tì mí nítorí òórùn ọwọ́ mi.”

Ó la ojú. Mo rò pé yóò bú mi.

“Mo mọ̀ pé wọ́n kó o dé,” ó ní. “Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ ni.”

“Kí ló dé tí ẹ ò wá?”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí aṣọ ìbora.

“Ọkọ̀ wà. Wọ́n ti sìnkú tán. Mo jókòó síwájú ilé bàbá mi, atẹ́gùn ń fẹ́, kò sí ẹni tó ní kí n wá po amọ̀. Mo ní, wọ́n ṣáà ní kí n sinmi, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Ó ti rẹ̀ mí, ìyá mi. Ó ti rẹ̀ mí láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.” Ó di ojú, mo rò pé ó ti sùn. “Tí mo bá lọ, sọ fún bàbá rẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo ayé, mo sì dúró lé e lórí bí ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́ fún un.”

Ó kú kí Kérésìmesì tó dé. Ògiri búlọ́ọ̀kù tuntun ti ga dé èjìká, kò sì tíì ní òrùlé, nítorí náà inú oòrùn la ti ṣe ìsìn òkú rẹ̀. Pásítọ̀ wàásù ní Hausa, àwọn Gbagyi kọrin. Nígbà tó kan àdúrà ìparí, gbogbo wa dúró, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí pásítọ̀ tó rántí pé òun ni yóò gbà á.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ, bàbá mi jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan. Láti ìgbà tí ògiri ti wó, kì í jẹun dáadáa, kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n mo lọ jókòó tì í, mo sì sọ ti Bàbá fún un, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, bó ṣe rán mi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ tèmi. Ó bo ojú rẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó fa ọwọ́ mi, ó dì í mú.

“Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jẹ́ kó wó,” ó ní. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Mo ti dàgbà báyìí. Mo ti jọ́sìn nínú àwọn ilé ìjọ ńlá tí ilẹ̀ wọn ń dán, Ọlọ́run sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo dúpẹ́. Àmọ́ bí mo bá ti dé ibikíbi tí gbogbo ojú ti ń dán, tí ẹnikẹ́ni kò ráhùn, mo máa ń wá ẹni tó ti rẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń wà. Mo máa ń jókòó tì í, mo sì ń bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Kì í ṣe ìwà rere mi. Ohun tí ìdákẹ́ jẹ́ kó wó ló kọ́ mi, ìdákẹ́ tèmi àti ti bàbá arúgbó tí mo fẹ́ràn, tó sì fẹ́ràn mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ìtìjú gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn nílò rẹ̀. Bí iṣẹ́ tó gbé lé yín lọ́wọ́ bá sì rẹ̀ yín, kí ó fún yín ní ẹnì kan tí ẹ lè sọ fún, kó tó pẹ́ jù, kí ẹni náà sì gbọ́. Àmín.